Gígun Alùpùpù àti Lílo Bíréèkì Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Kò sí ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí alùpùpù kò ti wúlò. Òun ni àgbẹ̀ Òkè-Ògùn fi ń gbé iṣu àti gbágùúdá bọ̀ láti oko. Òun ni olùkọ́ fi ń dé ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí mọ́tò kì í dé. Òun ni nọ́ọ̀sì fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ìletò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ́ ọ kò dára tó. Ọ̀rẹ́ kan á mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, á fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ jíà àti ibi tí wọ́n ti ń yí iná hàn án. Bí ó bá ti lè yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mẹta láìṣubú, wọ́n á ní ó ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wà lójú títì, àfàìmọ̀ kí èrò má sì ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fò dá ni bí a ṣe ń dá alùpùpù dúró. Ẹnikẹ́ni ló lè mú kí alùpùpù sáré. Dídá a dúró ní ìwọ̀n ilẹ̀ tó kù níwájú ẹni ni iṣẹ́ gan-an. Nítorí náà, àlàyé lórí bíréèkì ni yóò gba àyè jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sí etí ẹni tí kò bá lè kàwé.

Ohun tí òfin béèrè

Ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó kì í ṣe àjèjì ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ tó darí rẹ̀. Àwọn òfin tó de ẹni tó ń gun alùpùpù lónìí kò le láti mọ̀:

Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ gun alùpùpù lójú pópó.

Ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ní láti gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ sì ti dán an wò, yóò gba ìwé ìwakọ̀. Ìpele A ni ti alùpùpù. Ìwé ìwakọ̀ mọ́tò kò rọ́pò rẹ̀.

Alùpùpù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìwé tó pé.

Èrò kan ṣoṣo ni a lè gbé. Ẹni tó gùn ún àti èrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé akoto.

Nínú ìlú, eré kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan.

Akoto àti aṣọ

Nígbà tí FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú ọ̀rọ̀ akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìròyìn tàn káàkiri nípa àwọn tó fi igbá bo orí kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má baà mú wọn. Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ rò pé nítorí ẹ̀ṣọ́ ni a ṣe ń dé akoto. Nítorí ọ̀dà títì ni. Ìwádìí tí a kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé, láàárín àwọn tí ìjàm̀bá alùpùpù bá ṣẹlẹ̀ sí, akoto ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún.

Akoto tó bá yẹ gbọ́dọ̀ fún orí dáadáa láì dun ènìyàn. Bí ẹ bá dé e tí ẹ sì mi orí, kò gbọdọ̀ mì lọ sí ọ̀tọ̀. Ẹ so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n títí tó fi jẹ́ pé ìka méjì nìkan ló lè wọ àárín okùn àti àgbọ̀n. Akoto tí a kò so okùn rẹ̀ yóò fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀. Èyí tó bá ti gba ìjàm̀bá lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún lò ó mọ́, bí kò bá tilẹ̀ sí ibi tó sán, nítorí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ tó ń gba ìkọlù ti fún pọ̀.

Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn tó nípọn àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn. Sálúbàtà kò dára fún títẹ jíà àti bíréèkì. Bí ẹ bá wọ agbádá, ìró tàbí ìborùn gígùn, ẹ ká a mọ́ra pinpin kí ó má baà kó sínú ṣéènì tàbí táyà ẹ̀yìn. Ẹ máa sọ èyí fún èrò yín, pàápàá àwọn ìyá tó pọn ọmọ.

Àyẹ̀wò òwúrọ̀

Kí ẹ tó tẹ alùpùpù yín jáde, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta wò ó:

Táyà: ṣé afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, ṣé ojú rẹ̀ kò tíì dán? Táyà tó ti dán kò lè di ilẹ̀ mú, bó ti wù kí bíréèkì dára tó.

Bíréèkì: ẹ fún ti ọwọ́, ẹ tẹ ti ẹsẹ̀. Bí irin bíréèkì ọwọ́ bá sún títí tó fi kan háńdù, ó ti tú jù. Bí kò bá sì ní àyè kankan kó tó mú, ó ti fún jù. Ẹ wo wáyà rẹ̀ bóyá ó ti ń já ní ẹyọ-ẹyọ. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì olómi, ẹ wo àmì ibi tí omi rẹ̀ dé.

Iná: ẹ wò ó bóyá iná pupa ẹ̀yìn ń tàn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Òun ló ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ẹ fẹ́ dúró.

Ṣéènì: kò gbọdọ̀ tú jù, kò sì gbọdọ̀ fún jù. Bí ẹ bá fi ìka tì í sókè sísàlẹ̀ ní àárín, ó yẹ kí ó lè sún tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta.

Díńgí: méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó tú díńgí sílé kí alùpùpù rẹ̀ lè rí bí ti ọ̀dọ́ ti fọ́ ojú ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń lò níbí, irú bíi Bajaj, TVS àti Honda, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń yí iná, òun náà la sì fi ń fún bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ jíà. Ẹ rántí èyí dáadáa: bíréèkì méjèèjì wà ní apá ọ̀tún.

Bí a ṣe ń to jíà yàtọ̀ láti orí alùpùpù kan sí òmíràn. Bí ẹ bá yá ti ẹlòmíràn, ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra.

Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín nà ṣùgbọ́n kí ó má gan. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá yín tẹ̀ díẹ̀, kí orúnkún méjèèjì sún mọ́ táǹkì epo. Orúnkún ló yẹ kí ó di alùpùpù mú, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára di háńdù mú kò ní lè fún bíréèkì wẹ́rẹ́ nígbà tó bá yẹ.

Ojú ni olórí gbogbo rẹ̀. Ibi tí ojú bá wò ni alùpùpù máa ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò ni yóò bọ́ sínú kòtò. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ kòtò níbi tí ọ̀nà ti dára ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe wo táyà iwájú. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ wo ọ̀nà jíjìn.

Bíréèkì méjì: èwo ló lágbára jù?

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà pé bíréèkì iwájú máa ń dojú ènìyàn bolẹ̀. Nítorí èyí, àwọn mìíràn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Bí wáyà rẹ̀ bá já, àwọn kan kì í tún un ṣe. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ó yẹ kí a sọ òdodo ọ̀rọ̀ náà. Bíréèkì iwájú ló lágbára jù. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró, tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kì í lò ó ti fi èyí tó ju ìdajì agbára ìdúró rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí bọ́ọ̀sì akérò bá ṣàdédé tẹ bíréèkì, gbogbo èrò inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti alùpùpù. Bí ó bá ti ń dúró, ìwúwo ẹni tó gùn ún àti ti alùpùpù fúnra rẹ̀ yóò sún lọ sórí táyà iwájú. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì dì í mú dáadáa. Táyà ẹ̀yìn ní tirẹ̀ á fúyẹ́. Táyà tó bá ti fúyẹ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Bí a bá tẹ bíréèkì rẹ̀ jù, yóò dúró láìyí mọ́, yóò wá máa yọ̀ lọ lórí ilẹ̀, ìdí alùpùpù yóò sì máa jù sọ́tùn-ún sósì. Àpá dúdú tí a ń rí lójú ọ̀dà lẹ́yìn ìjàm̀bá, irú táyà bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń fi í sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ṣubú nígbà tí wọ́n lo ti iwájú? Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Èkíní, wọ́n já a gbà mọ́wọ́ lójijì, kí ìwúwo tó ráyè sún síwájú. Èkejì, wọ́n fún un nígbà tí alùpùpù dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà. Ẹ̀kẹta, wọ́n fún un lórí iyanrìn, ẹrẹ̀ tàbí epo. Ẹ̀bi kì í ṣe ti bíréèkì. Bí a ṣe mú un àti ibi tí a ti mú un ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bí a ṣe ń dá alùpùpù dúró

Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì gbẹ, tí alùpùpù sì nàró, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ dá iná padà pátápátá. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù. Ẹ má tíì fún kílọ́ọ̀ṣì.

2. Ẹ fi ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún bíréèkì iwájú bí ẹni tó ń fún omi inú ọsàn: wẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá máa le sí i. Ní àkókò kan náà, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ti ẹ̀yìn díẹ̀.

3. Ẹ óò rí i pé iwájú alùpùpù rì sílẹ̀ díẹ̀. Àmì pé ìwúwo ti dé orí táyà iwájú nìyẹn. Ìgbà yìí ni ẹ lè fún ti iwájú le sí i. Ẹ má ṣe fi kún ti ẹ̀yìn. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí háńdù gún, kí ojú yín wà níwájú, kí orúnkún yín di táǹkì epo mú.

5. Bí ẹ bá ti fẹ́ dúró tán, ẹ fún kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, ẹ tẹ jíà wá sí ọ̀kan, ẹ sì dẹ ti iwájú díẹ̀ kí alùpùpù lè dúró láìmì. Ẹsẹ̀ òsì ni kí ẹ fi kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn síbẹ̀.

Bí ewu bá yọ lójijì, ìgbésẹ̀ kan náà ni. Ẹ kàn máa ṣe é kíákíá ni, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fo ìfúnwẹ́rẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Láti orí wẹ́rẹ́ dé orí líle kò gbà ju bí ẹni ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ.

Bí táyà iwájú bá dúró láìyí, ẹ tú ọwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó lè yí padà, kí ẹ sì tún un fún wẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń yọ̀ tí alùpùpù ṣì gún régé, ẹ rọra dẹ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí alùpùpù bá ti jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe tú ẹsẹ̀ lójijì. Táyà tó bá ṣàdédé di ilẹ̀ mú nígbà náà lè ta ẹni tó gùn ún nù sókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró, kí ojú yín sì wà níwájú.

Ó kù díẹ̀ kí a fi kún un: fèrè kì í ṣe bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló jẹ́ pé fèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọn bí ewu bá yọ, wọ́n á tún fẹ́ yà bàrá. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tí wọ́n fi fọn fèrè ni wọn ìbá fi dín eré kù.

Eré àti ìwọ̀n ilẹ̀ tí a nílò

Kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, ojú ní láti rí ewu, ọkàn ní láti pinnu. Èyí máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ara bá rẹ ènìyàn, bí ó bá mutí, tàbí bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní gbogbo àkókò yẹn, eré alùpùpù kò tíì dín rárá.

Ẹ wo ìṣirò yìí fún ọ̀nà gbígbẹ, táyà tó dára, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń lo bíréèkì méjèèjì pọ̀:

Ní eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan: mítà 8 kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, mítà 6 láti dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 14.

Ní eré kìlómítà 60: mítà 17 kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, mítà 23 láti dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 40.

Ní eré kìlómítà 80: mítà 22 kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, mítà 41 láti dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 63.

Ẹ ṣàkíyèsí pé láti 30 sí 60, ìlọ́po méjì ni eré fi pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bíréèkì nílò di ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí eré àsápajúdé ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí.

Ẹ tún wo ti ẹni tó ń lo bíréèkì ẹ̀yìn nìkan. Ilẹ̀ tí yóò fi dúró lè tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó lo méjèèjì. Ní eré kìlómítà 60, ìyàtọ̀ náà lè tó mítà 23, èyí tó gùn tó bọ́ọ̀sì akérò mẹ́rin tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ọmọdé bá sáré wọ ojú títì láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dúró, inú mítà 23 yẹn ni ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè wà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sún mọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú yín jù. Ẹ mú òpó iná tàbí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá rẹ̀, ẹ rọra sọ pé: “Ojú mi wà lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi wà ní bíréèkì.” Ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ẹ bá dé ibi òpó náà kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Nígbà òjò, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀nà kò ti dára

Òjò: Òjò àkọ́rọ̀ ló léwu jù, nítorí epo àti eruku tó ti wà lójú ọ̀dà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò pò pọ̀, ojú ọ̀nà á sì máa yọ̀. Ẹ dín eré kù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo bíréèkì láti òkèèrè, kí ẹ sì lo méjèèjì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmì funfun tí a kùn sójú títì àti irin tó bo kòtò omi máa ń yọ̀ gan-an bí wọ́n bá tutù. Bí ẹ bá gba inú àgbàrá kọjá, omi lè wọ inú bíréèkì. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ kí ó lè gbẹ.

Iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀nà oko: Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Bí ẹ bá ti wà lórí rẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí ẹ gbára lé jù. Ti iwájú kò gbọdọ̀ ju ìfọwọ́kàn lọ. Ẹ má ṣe yí háńdù lójijì.

Kòtò àti òkè kékeré ìdáré-dúró: Ẹ parí lílo bíréèkì kí táyà tó wọ inú kòtò. Bí táyà bá ti ń wọ̀ ọ́, ẹ tú bíréèkì iwájú, ẹ dìde díẹ̀ lórí ibi ìfẹsẹ̀lé, kí orúnkún yín lè gba ìmì náà.

Kọ́nà: Ìwájú kọ́nà ni a ti ń dín eré kù, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹ dín in kù nígbà tí alùpùpù ṣì nàró, ẹ wo ìparí kọ́nà náà, kí ẹ sì gbà á pẹ̀lú iná díẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ dúró nínú kọ́nà, ẹ gbé alùpùpù nàró ná, kí ẹ tó fún bíréèkì le.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: Àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì tàbí kí wọ́n yọ jíà bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó tàbí àwọn òkè Ṣakí, kí epo lè ṣẹ́ kù. Epo tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Alùpùpù tí kò sí nínú jíà kò ní ìrànlọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Bíréèkì nìkan ló kù, bí ó bá sì gbóná jù, agbára rẹ̀ á dín. Ẹ fi í sí jíà kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ́ńjìnnì máa fa alùpùpù sẹ́yìn.

Òru: Ẹ má ṣe sáré ju ibi tí iná yín mọ́lẹ̀ dé. Tírélà tó bàjẹ́ sílẹ̀ láìní àmì wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbàkígbà.

Èrò àti ẹrù

Bí èrò bá wà lẹ́yìn yín, alùpùpù á wúwo sí i, ilẹ̀ tí ẹ nílò láti dúró á sì pọ̀ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo bíréèkì ṣáájú ìgbà tí ẹ máa ń lò ó bí ẹ bá dá wà. Ẹ sọ fún èrò kí ó di ìjókòó tàbí ìbàdí yín mú, kí ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ibi ìfẹsẹ̀lé. Bí ó bá tẹ̀ lù yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ ń dúró, ẹ mọ̀ pé ẹ ti fún bíréèkì lójijì jù.

Ẹrù tó pọ̀ jù lẹ́yìn máa ń gbé iwájú alùpùpù sókè. Háńdù á fúyẹ́, bíréèkì iwájú kò sì ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ to àpò èédú, iṣu tàbí kẹ́ẹ̀gì epo kí ó lọ sílẹ̀, kí ó sún mọ́ ìdí yín, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Ẹ má ṣe gbé ẹrù sí àárín yín àti háńdù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ alùpùpù kò gbọdọ̀ gbé èrò tàbí ẹrù wíwúwo títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ bíréèkì dáadáa.

Ìdánrawò ní pápá

Ẹ wá pápá tó tẹ́jú tó sì le, níbi tí ọmọdé kò ti ń ṣeré. Ẹ dé akoto. Kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí.

Ọjọ́ kìíní: Láì tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa fún bíréèkì iwájú wẹ́rẹ́ títí ọwọ́ yín yóò fi mọ ibi tó ti ń mú.

Ọjọ́ kejì: Ní jíà kìíní, ẹ gun ún ní eré ẹni tó ń sáré díẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró pẹ̀lú bíréèkì ẹ̀yìn nìkan. Ẹ fi òkúta sàmì sí ibi tó dúró. Ẹ ṣe é pẹ̀lú ti iwájú nìkan, wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo méjèèjì. Òkúta mẹ́ta yẹn yóò kọ́ yín ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ọjọ́ kẹta àti àwọn tó tẹ̀ lé e: Ẹ lo eré kìlómítà 20, lẹ́yìn náà 30. Ẹ fi igi sàmì ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo bíréèkì, kí ẹ sì máa gbìyànjú láti dúró ní ibi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe fi kún eré títí ẹ óò fi ṣe é dáadáa nígbà mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn.

Ẹni tó ti ń gun ún fún ọdún mẹ́wàá náà lè ṣe ìdánrawò yìí. Ọwọ́ tí kò bá fún bíréèkì iwájú rí kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí ewu bá dé.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ pe nọ́ńbà 122 ti FRSC tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Ẹ dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró láti òkèèrè kí wọ́n má baà tún tẹ ẹni tó ṣubú. Ẹ má ṣe da omi sí i lára, ẹ má sì gbé e ní apá àti ẹsẹ̀ bí ẹní gbé àpò, nítorí egungun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn lè ti fọ́. Ẹ má ṣe ṣí akoto rẹ̀ àfi bí kò bá lè mí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe ṣí i títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé kò sí ilé-ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìdí yòówù kí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Kò sí ẹni tó gun alùpùpù jáde nílé láàárọ̀ tí kò ní lọ́kàn láti padà wọlé lálẹ́. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju mẹ́rin lọ: akoto tí a so okùn rẹ̀, eré tó mọ ní ìwọ̀n, ojú tó wo iwájú, àti bíréèkì méjèèjì tí a mọ bí a ṣe ń fún wẹ́rẹ́. Ẹni tí wáyà bíréèkì iwájú rẹ̀ bá ti já, kí ó tètè lọ bá mẹkáníìkì lónìí, kí ó tó tún tẹ alùpùpù rẹ̀ jáde.